Lékèélékèé Ara Ògiri

Apẹja ni bàbá mi ní Agbabu kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀. Mo gbé òun àti ìyá mi wá sí ilé mi ní Ọ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri ló máa ń wò ṣáá.

Àwòrán yíyà ni iṣẹ́ mi. Mo padà lọ sí etí odò tí bàbá mi ti ń pẹja, mo wo àwọn lékèélékèé tó ń rìn nínú àbàtà, mo sì wá fi ọ̀dà funfun ya ọ̀kan sára ògiri tó dojú kọ ibùsùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ń fún un ní ògì nígbà tí bàbá mi yí ojú kúrò lára ṣíbí.

Ó ní, “Ó dá wà.”

Mo bi í pé, “Kí ló dá wà, Bàbá?”

“Ẹyẹ yẹn. Fún un ní ẹnìkejì.”

Ìyá mi gbé abọ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi bọ́ lójú mi. Mo ya ẹnìkejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá mi kò dé odò mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.