Àga Ìyá Ìyàwó

Mo kórìíra "ẹ tún un ṣe." Bí ẹ bá fẹ́ kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kí n máa lọ, ẹ ní kí ìyàwó tún sunkún nítorí pé kámẹ́rà ò rí omi ojú àkọ́kọ́ dáadáa. Nínú iṣẹ́ fídíò tèmi, n kì í to èèyàn jọ, n kì í ní kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń ya. Ẹni tó bá ń wá èyí tí ò ṣẹlẹ̀, kó lọ bá àwọn onítíátà.

Ìyàwó tó pè mí sí Festac ní àárọ̀ Sátidé kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ ẹ̀rín ẹ̀tàn. Ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀ fún mọ́mì mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi mú. Ìyókù ò ká mi lára." Ẹ fi í sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló dá gbogbo ìjà ọjọ́ náà sílẹ̀.

Mọ́mì rẹ̀ ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ nínú ọjà Agboju. Mùsùlùmí ni. Onígbàgbọ́ ni bàbá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti pínyà nígbà tí ọmọ náà ò tíì wọ iléèwé, yàrá kan lẹ́yìn ọjà ni ìyá sì ti tọ́ ọ dàgbà. Àwọn ẹbí bàbá ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìgbà tí ọmọ gboyè, tí ọkọ gidi yọjú, ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin wá rántí pé àwọn ní ọmọ.

Obìnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Mo gbé ẹrù láti Apple Junction dé ilé bàbá ìyàwó, mi ò tíì mí délẹ̀ tó ti ń pàṣẹ. Kò kí mi. "Fídíò, bọ́ bàtà ẹ." Mo bọ́ ọ. "Fídíò, má fi wáyà yẹn ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́." Kápẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀ ni o. Nígbà tí mo fẹ́ fi máìkì kékeré há ọrùn aṣọ bàbá, ó na ọrùn tirẹ̀ sí mi. "Èmi ni kó o fi í fún. Èmi ni màá gbàdúrà." Mo fi í há a, mo sì ki ohun tí mo fi ń gbọ́ ohùn inú rẹ̀ bọ etí.

Àga méjì ni wọ́n gbé sí pálọ̀. Nílẹ̀ wa, kí ìyàwó tó jáde nílé, á kúnlẹ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n á súre fún un. Bàbá jókòó sórí ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ fìdí lé ìkejì bí ẹni pé òun ló rọbí. Ìyá tó rọbí gan-an wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ti ní kó máa bá àwọn wo ìrẹsì àlejò. Bàbá rí i. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ìyàwó jáde, ó wo àga, ó dúró. Bàbá ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ohun tí ẹlòmíì nínú pálọ̀ ò gbọ́ sì wọ etí mi ketekete: "Má bojú wẹ̀yìn. Má dójú tì wá lójú àwọn àna. Ta ló fẹ́ rí oní-mílíìkì nínú fídíò?"

Ìyàwó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, aṣọ funfun ń wọ́ nílẹ̀, mo tẹ̀ lé e, ó sì kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ìyá nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gbé e lé ọmọ lórí. Kó tó lanu ni àtẹ́lẹwọ́ obìnrin yẹn bo ojú kámẹ́rà mi.

"Pa á rẹ́. A máa tún un ṣe."

"Mà, n kì í tún un ṣe."

"Ìwọ ta ni? Oníkámẹ́rà lásán-làsàn. Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ bí i, mà."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Ó ní òun máa ju kámẹ́rà mi gba ojú fèrèsé. Mo fẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀ wò, ká jọ wò ó.

Ìyá ìyàwó ló pẹ̀tù sí i. Ó fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe. "Padà lọ kúnlẹ̀. Àdúrà kì í pọ̀ jù. Ẹni yòówù kó máa súre fún ẹ, èmi á máa ṣàmín." Ó wá kọjú sí mi: "Bọ̀dá fídíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn ya á."

Ìyàwó padà lọ kúnlẹ̀. Obìnrin yẹn yẹ gèlè rẹ̀ wò nínú fóònù, ó ní kí gbogbo wa dijú.

Nílé onígbàgbọ́, tí wọ́n bá ti ní ká gbàdúrà, gbogbo ojú ló ń dì. Oníkámẹ́rà nìkan ni kì í dijú. Mo kẹ̀yìn sí obìnrin yẹn, mo gbé kámẹ́rà kọjú sí kíṣìnì.

Ìyá ò dijú ní tirẹ̀. Ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, ó ń wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Obìnrin yẹn gbàdúrà títí. Ó ní ọmọ náà ò ní tọrọ jẹ, ètè ìyá ní àmín. Ó ní kò ní sunkún ọmọ, ètè ìyá ní àmín, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó parí, ìyá fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú. Mo ti yí padà kí wọ́n tó lajú.

"Ṣé o ya á?"

"Mo ya á, mà."

Ọjọ́ tí mo gbé fídíò náà lọ, gbogbo wọn wà ní pálọ̀ yẹn, ìyàwó sì ti fi ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oní-mílíìkì, mo ti yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe nítorí ẹni tó sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ìyá gbọ́ ọ ni.

Ó wá kan àdúrà. Ohùn obìnrin yẹn gba inú ilé kan, ojú ìyá ìyàwó sì kún tẹlifíṣàn.

Obìnrin yẹn dìde. "Èmi dà? Níbo ni mo wà níbẹ̀?"

"Ohùn yín nìyẹn, mà."

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ pé kó bá òun sọ̀rọ̀. Bàbá ò wo ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ń dí mi lójú. Ìyá ọmọ mi ni mò ń wò."