Ẹtu Tí Mo Rà Tí N Kò Jẹ

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo ń ta búta kan. Búta ni kẹ́tùlù ike tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ọjà Singer ní Kano ni mo ti ń kó o wá sí ìsọ̀ mi ní Ibo Road. Bísí ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbé ọ̀kan láìsanwó, ó fi ń tọrọ owó kiri àdúgbò wa, Sabon Gari, pé kí wọ́n má gé igbó tán, kí ẹranko inú rẹ̀ má bàa run. Ọmọ tí a bí sí Kano, tí kò fojú kan igbó rí! Mo rẹ́rìn-ín títí. Àfi ìgbà tí búta kún. Ẹnu yà mí. Wòlíì ìjọ wa ní kí n mú Bísí àti owó náà lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ igbó nítòsí Oǹdó.

A kúrò ní páàkì kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ọkọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà lórí ẹnì kan. Bísí gbé búta lé itan bí ọmọ ọwọ́. A jẹ iyán ní Lọ́kọ́ja, a sùn ní Àkúrẹ́. Láàárọ̀, a wọ ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ agbégẹdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé wa: igi kan ṣoṣo, ó kún ọkọ̀ bámúbámú! Bísí di búta mọ́ àyà.

"Ìyá Kano, ẹran ìgbẹ́ rèé o!" Dẹ́rẹ́bà ti dúró. Ọdẹ kan gbé ẹtu sókè, wọ́n so ó lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, màmá."

"Àádọ́ta? Ṣé ó máa bá mi fọ abọ́ ni? Gba ogún!"

"Ẹ mú un."

Háà! Ṣeré ni mò ń ṣe. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà wa ọkọ̀ lọ. Bísí figbe ta ní èdè Hausa: "Mama, kin taya, ya sallama!" Ìyẹn ni pé mo ti dá iye, ọlọ́jà sì ti gbà. Ní Kano, ẹni tó bá sá lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jà. Èmi ni mo kọ́ ọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," dẹ́rẹ́bà ní. "Níbí, a máa ń ná ẹran ṣeré ni."

Mo wo búta. Bísí fọwọ́ bo ẹnu búta náà. "No be forest money o. Na your mouth price am."

Mo tú etí aṣọ mi, mo sanwó, wọ́n gbé ẹtu sínú ọkọ̀.

Kùkùté ni a kọ́kọ́ rí kí a tó rí igbó. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tí bàtà rẹ̀ ti là, fi ọwọ́ méjèèjì gba búta lọ́wọ́ Bísí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó tú ẹtu sílẹ̀. Fìrì, kò sí mọ́! Mo ń dúró kó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà.

"Màmá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má rà á mọ́. Owó tẹ́ ẹ fún ọdẹ tó tà á, ọta ìbọn ló máa fi rà."

Mo di Bísí lọ́wọ́ mú, a padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí a padà dé Ibo Road, àwọn ará ọjà tó ní kí n mú ẹran ìgbẹ́ bọ̀ ti ń dúró: "Ìyá Bísí, ẹran ìgbẹ́ wa dà?"

"Ó ti lọ sílé ẹ̀."

Mo ti kọ́gbọ́n: ohun tí n kò ní rà, n kì í ná an ṣeré mọ́. Yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, iye tó ná mi lórí ẹtu kan àti búta kan ni ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà.