Dókítà Tó Kọ̀ Láti Fi Píánò Sílẹ̀

Kí dókítà wa ní Ìkòròdú tó fọwọ́ kan aláìsàn, ó máa ń di ife tíì gbígbóná mú kí ọwọ́ rẹ̀ lè móoru. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe kó tó tẹ píánò.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn sọ fún un lójú gbogbo wa pé: "Dókítà, ẹ fi píánò yẹn sílẹ̀, tàbí kí ẹ má retí ìgbéga."

"Ẹ̀yin náà ń gbá gọ́ọ̀fù, sà. Ta ló ní kí ẹ fi í sílẹ̀?"

Wọ́n fi ìgbéga dù ú lóòótọ́. Èmi akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́rìí pé kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó lẹ ìkéde eré píánò tó fẹ́ ṣe ní Ẹ̀pẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá.