Ìgò Omi Òkun Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń jókòó lórí itan ìyá mi nínú ọkọ̀ ojú irin, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi ní Òṣogbo níbí. Bí wọ́n bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni rélùwéè máa ń gbé gbogbo wa. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ kò lè mọ bó ṣe ń dùn tó! Lọ́dún kan, erékùṣù kan lẹ́bàá Èkó ni wọ́n kó wa lọ, nítorí pé àbúrò bàbá mi obìnrin fẹ́ apẹja kan níbẹ̀.

Kí a tó kúrò nílé, ìyá bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró wọn. Aláró ni wọ́n, wọn kò sì rí òkun rí. Àwọn èèyàn ti sọ ọ́ títí pé iyọ̀ wà nínú omi òkun, ìyá àgbà kò gbà. "Ta ló da iyọ̀ sí i?" Wọ́n fi ìgò kan lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni kí o bá mi bù ú wá. Bàbá rẹ á gbàgbé. Ahọ́n mi ni n ó fi mọ òótọ́."

Ẹ má fi ahọ́n yẹn ṣeré o! Omi tí àwọn aláró ń sẹ́ láti inú eérú, ahọ́n ni wọ́n fi ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó da ewé èlú sí i, kò sì sí ẹni tó lè fi omi lásán tan ìyá àgbà jẹ.

Ọjọ́ tí a gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà gan-an ni mo ti bu omi kún ìgò mi, mo fi àkísà dí i, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti parí. Ẹja ni mo kọjú sí, àti àgbọn tútù. Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ẹ̀rù omi ńlá ń bà, ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ dé òdìkejì erékùṣù, níbi tí omi ti ń bú ramúramù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ó padà ni wàhálà dé. A ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ọkọ àbúrò bàbá mi rí ìgò lọ́wọ́ mi.

"Kí lo gbé dání yẹn, ìyàwó mi?"

Mo ní omi òkun ìyá àgbà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di etí ọkọ̀ mú. "Ọ̀sà lo bù yẹn! Òjò ti sọ gbogbo ẹ̀ di omi tí kò níyọ̀ lásìkò yìí. Òkun wà lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún."

Mo tú àkísà, mo tọ́ ọ wò. Ó tẹ́ lẹ́nu bí omi Ọ̀ṣun. Àwa ará òkè, omi tó bá ṣáà ti fẹ̀ ju odò ìlú wa lọ, òkun ni à ń pè é! Mo bú sẹ́kún.

"Kò sáyè mọ́," bàbá mi wí. "Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹnì kankan. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni mo mọ̀."

"Bàbá, ìyá àgbà á tọ́ ọ wò o!"

Ọ̀rọ̀ yẹn mú wọn. Ìyá wọn ni, wọ́n sì mọ ahọ́n náà jù mí lọ. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo ìgò, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò kakí wọn dé orúnkún. "Ó yá, sáré!"

Háà, a sáré! Ìyá mi ń pariwo lẹ́yìn wa pé a fẹ́ kú. Bí a ṣe yọ láàárín àwọn igi àgbọn, mo dúró gbagidi. Mo rí òkun! Kò lópin. Ó ń dìde, ó ń wó lulẹ̀, ó ń hó yàà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè bí ẹni tí wọ́n ń lùlù fún. Bàbá mi rọ́ wọ inú omi. Ìgbì kan dé, ó gbé wọn ṣubú, fìlà wọn bá a lọ. Mo rò pé wọn á bínú, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n na ìgò sókè, ó kún dẹ́nu. Mo tọ́ ọ wò, mo tutọ́. Iyọ̀ gidi!

Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ ojú irin fi wá sílẹ̀. Inú aṣọ tútù ni bàbá mi jókòó sí láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ wọn, láìdé fìlà, wọ́n sì ń dá rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán. Wọ́n da omi náà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn tí aró ti kùn dúdú, wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n dijú.

"Subuhana Llahi! Iyọ̀ ni!"

Wọ́n pe gbogbo aláró agboolé, kálukú tọ́ ọ wò, ariwo sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n fà mí jókòó. "Ó yá, báwo ló ṣe rí?" Mo rò ó, mo fi ara ṣe ìgbì, mo ṣubú bí bàbá mi ṣe ṣubú, wọ́n tún ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kò fi ẹsẹ̀ tẹ etí òkun títí wọ́n fi jáde láyé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, "Èmi náà ti dé ibẹ̀ wàyí."

Ayé ti yí padà. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ gba ìsinmi ní erékùṣù kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí omi, mo sì ń wo òkun látorí àga mi níbí ní Dàda Estate, mò ń pariwo, inú mi dùn dé góńgó. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n kí mi, wọ́n gba yàrá lọ. Mo ti jókòó dáadáa, mo ti tẹ́tí sílẹ̀.

"Ẹ ò ní wá sọ fún mi bó ṣe rí?"

"Màmá, ṣebí ẹ ti rí gbogbo ẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti rí i, kò sì sí ohun tó kù tí ẹnikẹ́ni máa sọ fún mi.