Tíréè tí Mo Fi Fírémù Fọ́tò Ìgbéyàwó Wa Ṣe

Mo rántí ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílùú, tí wọ́n fi owó kún owó oṣù ọkọ mi, tí àwa méjèèjì sì sáré ra rédíógíráàmù ńlá kan sínú yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá l'Ékòó. Ó tóbi débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń gbà wọlé. A ò ní àga gidi, a ò ní tíréè kan, ṣùgbọ́n orin ń dún, mo sì rò pé ọ̀làjú ti parí sọ́dọ̀ wa.

Ọdún náà ni mo bí àkọ́bí mi. Ọkọ mi wà ní ìrìn-àjò iṣẹ́ nígbà tí ìrọbí mú mi, ìyá mi sì wà ní Èkìtì lọ́hùn-ún. Ìyá onílé wa, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi bí. Ogójì ọjọ́ gbáko ló sì fi bá mi wẹ ọmọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Bí Kérésìmesì ṣe ń bọ̀, mo pinnu pé n óò gbé oúnjẹ ọdún fún un lórí tíréè tó rẹwà, kí tíréè náà sì di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíógíráàmù ti gbé owó wa mì. Ni ojú mi bá lọ sára ògiri, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó wa wà nínú fírémù onígíláàsì. Mo yọ fọ́tò náà sínú àpótí. Ọkọ mi dé, ó bínú.

“Fọ́tò ìgbéyàwó wa lo yọ torí ìrẹsì?”

Mo ní ìgbéyàwó náà ṣì wà, fírémù nìkan ló lọ.

Káfíńtà kan ní Ìkòtún bá mi kan pákó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ irin méjì sí i ní ẹ̀gbẹ́. Mo ti kọ́kọ́ ya òdòdó sí aṣọ funfun kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, èyí tí a tẹ́ sábẹ́ gíláàsì. Mo fẹ́ kọ “Ẹ kú ọdún Kérésìmesì” sí i, àmọ́ òwú pupa tán nídìí “ọdún”. Mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá onílé, ó ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á, mo sì jẹ́wọ́ bí òwú ṣe tán. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀ jàre. Èmi náà máa ń ṣọdún.”

Nígbà tí Iléyá dé, ó to ẹran sórí rẹ̀ fún àwọn àlejò tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi í léèrè bóyá òkè òkun ni wọ́n ti rà á. Ìdí kànga ni mo wà tí mò ń fọṣọ. Ìyá onílé nàka sí mi.

“Ọmọ mi ló ṣe é.”

Mo tẹrí sórí aṣọ tí mò ń fọ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, kò sí ẹni tó pè mí lọ́mọ rí.

Ó ti pẹ́ tí ìyá onílé ti jáde láyé. Èmi náà ti darúgbó ní Ìgandò níbí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí mo bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìyá tó fún mi, ìyá méjì ni mo máa ń dárúkọ.