Ọkọ̀ Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Òórùn ọ̀dà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó ń hó nínú agolo lórí iná igi lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsọlọ̀. Ọyẹ́ mú. Ètè mi ti là, eruku pupa ti bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n n kò dúró wọ bàtà. Mo ti sá jáde kí màmá mi tó pe orúkọ tó fún mi parí: Ẹsẹ̀-ò-gbélé.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń fi ọ̀dà náà kùn. Àsìkò tí owó epo rọ̀bì wọ ìgboro ni. Àwọn ará àdúgbò ń ra tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ra fíríìjì. Bàbá mi, akọ̀wé ní Òṣòdì, lọ ra ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi oní-ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún ni gígùn rẹ̀. Rúlà ilé ìwé ni mo fi wọ̀n ọ́n. Pákó mọ́kànlá ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣó bàbà ni wọ́n sì fi kàn wọ́n, kì í ṣe irin tó ń dípẹtà. Dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu. Tírélà tó gbé e wá já okùn tí Ìyá Kúdí, ayálégbé wa tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́, sá aṣọ sí.

“Bàbá Bọ̀sẹ̀,” ni Ìyá Kúdí wí, ó ń ṣa ìró rẹ̀ nílẹ̀, “ṣé òjò Ànábì Núhù ló tún ń bọ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé tèmi o.”

“Ẹ mú ewúrẹ́ yín wá,” ni bàbá mi dáhùn. “Akọ kan, abo kan.”

Ẹ̀jìnrìn ni bàbá mi fẹ́ fi ọkọ̀ náà lọ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi ni òun àti ìyá rẹ̀ máa ń wọ̀ wá sí Èkó. Ó wá kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà pé kí wọ́n dúró dè wá ní èbúté lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Èmi ni màá mú okùn orí ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò lè jókòó mọ́. Mo ya ọkọ̀ náà sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi, tíṣà sì nà mí. Tí mo bá ti béèrè iye ọjọ́ tó kù, màmá mi á ní, “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Odò ò kúkú ní kó ẹrù kúrò ní Èkó.”

Bàbá Hùnsù ló tún ọkọ̀ náà ṣe. Ègùn ni wọ́n, láti Bàdágírì, Yorùbá wọn kò sì pọ̀. Wọ́n fi òwú dí àárín àwọn pákó, wọ́n fi ọ̀dà lé e. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí a lọ nígbà tí wọ́n fi ìka kan pákó náà, tí wọ́n tẹ́tí.

“Òùngbẹ ń gbẹ ọkọ̀ yìí,” ni wọ́n wí. “Ẹ fún un lómi mu, ọjọ́ méje. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa rìn.”

Ojú bàbá mi yí padà. Alàgbà ìjọ ni. “Ọjọ́ méje? Bàbá, èmi kì í bọ odò. Ọmọ Jésù ni mí.”

“Kì í ṣe odò. Ọkọ̀ ni.”

“Odò o, ọkọ̀ o, mi ò bọ ọ́!”

Bàbá Hùnsù kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, pásítọ̀ wá gbàdúrà, ó sì wọ́n omi sí orí ọkọ̀. Ife kan péré ni ọkọ̀ yẹn rí mu.

Èmi mọ ohun tí Bàbá Hùnsù ń sọ. Nínú ọyẹ́ yẹn náà ni odó màmá mi là. Màmá rì í sínú omi. Àràárọ̀ ni mo ń ti èékánná bọ ibi tó là, títí di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin tí kò wọlé mọ́. Igi tó gbẹ ń súnkì, tó bá mumi, á wú, á dí ara rẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ka ọjọ́ méje lórí ìka: Àjíǹde á ti kọjá, a ó ti wọlé sí ilé ìwé. Mo pa ẹnu mi dé.

Lọ́jọ́ Ajé, ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn nígbà àkọ́kọ́ tí bàbá mi tàn án. Mo di okùn mi mú, mo ń kígbe ayọ̀. A ò tíì lọ jìnnà, mo ṣì ń rí eyín màmá mi ní etí omi, nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí yọ láàárín gbogbo pákó, tín-ín-rín tín-ín-rín, bí òógùn. Bàbá mi fi abọ́ oúnjẹ wa gbọ́n ọn títí ó fi dé orúnkún rẹ̀. Àwọn apẹja ló fà wá jáde. Ọkọ̀ náà jókòó sórí ẹrẹ̀, òrùlé rẹ̀ nìkan ló yọ.

“Ẹ̀yin ará orí ilẹ̀!” ni apẹja kan wí. “Ẹ ò jẹ́ kó mumi nílé, ó wá ń mu ún tipátipá.”

“Mumi,” ni bàbá mi wí, bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ̀kán omi kan kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti jẹ ẹ́ńjìnnì náà tán, a ò sì rí òmíràn. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ìyá àgbà dúró ní èbúté Ẹ̀jìnrìn títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní àwọn tilẹ̀ wọ bàtà dè wá.

Bàbá mi lọ bẹ Bàbá Hùnsù. Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbélé títí dòní. Ògbólógbòó ọkọ̀ kẹrin tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe wà lómi báyìí, ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ rèé. Láàárọ̀ yìí nìkan, mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Èékánná mi ò wọ àárín pákó rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọjọ́ yẹn ìbá ti tan ẹ́ńjìnnì. Èmi náà fẹ́ tàn án. Mo padà wá jókòó, mo mú gègé, mò ń kọ èyí. Ó ku ọjọ́ méjì.