Bí Èmi àti Ìyá Ṣeun Ṣe Dúró Lórí Omi Ìlàjẹ

Aago márùn-ún àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo jáde nílé wa ní Ọ̀bà-Ilé. Ọkọ mi bá mi tan tọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ọ̀nà títí ọlọ́kadà fi dé, ó ní kí n rọra, mo sì lọ.

Orúnkún mi ló fa ìrìn àjò náà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi jókòó ti fáìlì ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, orúnkún méjèèjì sì ti di ti ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ru sìmẹ́ńtì. Dókítà ní kí n wá omi wọ̀, kí n máa lo ara mi nínú rẹ̀, nítorí omi kì í jẹ́ kí eegun wúwo. Mo lọ béèrè ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́. Iye tí wọ́n dá lé ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tó owó gáàrì ọ̀sẹ̀ kan nílé wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi ni mo ń darí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wa. Mi ò lè wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Àkúrẹ́ kí n sì tún dúró níwájú wọn ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ọmọ Ìlàjẹ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró ṣánṣán lórí pátákó gígùn kan tó rí bí èyí tí a fi ń lọ aṣọ, ó mú àjẹ̀ tó ga jù ú lọ dání, ó sì ń rọra lọ lórí omi bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ó ní Orímisàn ni orúkọ ọkùnrin náà, pé ó ti bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi rí. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fi pátákó méjì sílẹ̀ fún un, òun náà sì ti sọ ọ́ di òwò: ó ń fi wọ́n háyà fún àwọn tó bá fẹ́ ṣeré lórí omi, kí wọ́n wo ẹyẹ àti ẹranko etí omi. Àwọn ọmọ yunifásítì tó wà ní Ìlárá-Mọ̀kín ló ń lọ jù.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Òkúta la mọ̀ níbi tí wọ́n ti bí mi, omi tí a mọ̀ ni ti inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí ó bá jẹ́ ìdúró nìkan ni nǹkan yìí gbà, kò sí ẹni tí yóò kọ́ mi. Mo ti dúró ní báńkì lọ́dún tí owó náírà ṣọ̀wọ́n, mo ti dúró nílé epo, mo sì ti dúró níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ìjọba tí kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Mi ò fẹ́ dá nìkan lọ. Ìyá Ṣeun ló wá sí mi lọ́kàn, ọ̀rẹ́ mi ní Oǹdó, tí a jọ gbé yàrá kan náà nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, láti ìgbà náà ni kò sì ti lọ ibì kankan ju ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà lọ. Ṣeun, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àbújá, ti bẹ̀ mí títí pé kí n bá òun fa ìyá òun jáde nílé. Nígbà tí mo pe Ìyá Ṣeun, mi ò dárúkọ omi. Mo ní ẹja gbígbẹ pọ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá, kí a lọ rà á kó tó wọ́n sí i. Irọ́ kọ́, a máa ra ẹja lóòótọ́.

Mọ́tò tí mo wọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n gbà dé Oǹdó, ènìyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ará Ìjù ni awakọ̀ náà, àgbẹ̀ tó fi oko sílẹ̀ nígbà tí ajílẹ̀ wọ́n kọjá agbára rẹ̀. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú epo: bí a bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á pa ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á máa yọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sá kúrò nídìí gbèsè, a ó sì máa gbọ́ bí ẹyẹ ṣe ń ké nínú oko kòkó. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Mo béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá bíréèkì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹ́ńjìnì bá kú.

Ó ní, "Màmá, epo ti di oògùn. A kì í lo oògùn kọjá bí dókítà ṣe wí."

Ó wá fi ohùn Àkúrẹ́ dá wa lójú pé gbogbo wa la máa dé ulé. Ilé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. A yọ́ dé afárá Ọ̀wẹ̀nà, a sì dé Oǹdó ní kété lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀.

Odó ni mo gbọ́ kí n tó kan ilẹ̀kùn Ìyá Ṣeun. Àwa ará Ìkàrẹ́ náà ń jẹ iyán, ṣùgbọ́n a kì í gún un kí oòrùn tó là. Ní Oǹdó, ẹni tí kò tíì jẹ iyán kò tíì jẹun. Iṣu ti wọ́n débi pé ó fi kókò lú u, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀. Ìgbín kan ṣoṣo ló wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà, ó sì fi ọ̀bẹ là á sí méjì ọgbọọgba bí ẹni ń pín ogún. Nígbà tí mo fẹ́ jókòó jẹun, mo kọjú sí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí fìlà ọkùnrin wà lórí rẹ̀. Ó rọra ní, "Ibẹ̀ yẹn kọ́." Mo jókòó síbòmíràn.

Láti Oǹdó, a gba Òrè kọjá sí Òkìtìpupa, ó sì tó wákàtí mẹ́ta kí a tó dé Ìgbọ́kọ̀dá nítorí kòtò àti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ilẹ̀ ń tẹ́jú sí i bí a ṣe ń lọ. Òkè tán, iyẹ̀pẹ̀ di funfun, ọ̀pẹ gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n ń ta púpurú lẹ́bàá ọ̀nà. Gbágùúdá ni, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ róbótó bí orí ọmọ tuntun, tí wọ́n sì yan lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Ìyá Ṣeun tọ́ ọ wò, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n iyán kọ́.

Ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ èrò ní Ìgbọ́kọ̀dá. Wọ́n tò ó sí etí omi bí a ṣe ń to mọ́tò sí gáréèjì, agbèrò sì ń fa èrò láṣọ. Ibẹ̀ ni Orímisàn ti pàdé wa, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, tó ń kí wa tìtẹríba-tìtẹríba. Pátákó rẹ̀ méjèèjì wà nínú ọkọ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Ìyá Ṣeun béèrè pé kí ni ìyẹn. Kò sí ibi tí mo lè sá sí, mo jẹ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá Dámi, ẹja lo pè mí wá rà. Mi ò sọ fún ọ pé mo fẹ́ di ẹja."

Síbẹ̀ ó wọkọ̀. Ó ní òun ó jókòó sí etí omi, òun ó máa wo bí mo ṣe ń ya wèrè. Ẹ́ńjìnì gbé wa fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé abúlé kan tí gbogbo ilé rẹ̀ dúró lórí òpó nínú omi. A ń gbọ́ híhó òkun lókèèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ omi tó wà lẹ́yìn abúlé náà parọ́rọ́ bí omi ọṣẹ tí a gbàgbé sínú báfù. Igi ẹ̀gbà wà ní ọ̀tún àti òsì, gbòǹgbò wọn dúró sínú omi bí ìka ọwọ́. Lékèélékèé funfun bò wọ́n lórí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni Orímisàn ń gbà fún wákàtí kan. Ó fún wa ní ẹ̀wù ìléfòó. Tèmi kò pàdé láyà, ó fi okùn dì í. Ó wá ṣàlàyé pé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí pátákó, kí n dìde díẹ̀díẹ̀, kí n sì wo ọ̀ọ́kán, kí n má wo ẹsẹ̀. Ìkúnlẹ̀ gan-an sì ni orúnkún mi kọ̀. Mo pinnu láti jókòó kí n sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Pátákó lọ síwájú, èmi dúró sẹ́yìn, mo sì bá ara mi nínú omi. Àyà mi ló mù mí dé. Irun àtọwọ́dá orí mi tú, ó léfòó lọ, obìnrin kan tó ń tu ọkọ̀ ẹja kọjá fi àjẹ̀ gbé e sókè, ó sì béèrè lọ́wọ́ Orímisàn bóyá òkété ló kú sínú omi.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣubú. Ní ìgbà kẹrin, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Ìyá Ṣeun ni. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ti di ikùn mú. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọdún mẹ́ta. Ó nu ojú rẹ̀, ó fún ìró mọ́ra dé orúnkún, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo nǹkan ọ̀hún. Orímisàn di pátákó kejì mú fún un. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó dúró. Kò gbọ̀n rárá. Ó ní kò yàtọ̀ sí iyán gígún: èèyàn á tẹ orúnkún díẹ̀, á fi gbogbo ara jókòó sí ìdí, kò sì ní máa wo inú odó. Ó ti àjẹ̀ bọ omi, ó sì ń lọ.

Orímisàn ń bá mi tún okùn àyà mi dì nígbà tí Ìyá Ṣeun yà ní kọ́rọ̀ igi ẹ̀gbà. Nígbà tí a ó fi gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lórí omi. A pè é. Ẹyẹ nìkan ló fò. Mo rò pé á yọ láìpẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú Orímisàn, ó ti yí padà. Ó ní omi ti ń fà padà sí òkun, pé ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà ẹ̀yìn igi yẹn já sí ẹnu òkun gan-an. Ìyá Ṣeun kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀.

A wọ ọkọ̀ kékeré. Ojú ọ̀nà àkọ́kọ́, kò sí níbẹ̀. Alégbà ńlá kan já bọ́ láti orí igi sínú omi, ẹyẹ apẹja aláwọ̀ búlúù kan kọjá lójú mi, akàn pupa bo gbogbo ẹrẹ̀. Àwọn nǹkan tí mo sanwó láti wá wò nìyí, wọn kò sì jọ mí lójú. Bí n ó ṣe pe Ṣeun ní Àbújá ni mò ń rò. Mo fẹ́ wí fún un pé mo mú ìyá rẹ̀ jáde nílé gẹ́gẹ́ bí ó ṣe bẹ̀ mí. Ojú ọ̀nà kejì náà, kò sí níbẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí a bá rí i, n ó fi orúnkún mi sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ojú ọ̀nà kẹta ni a ti rí i. Omi ti gbẹ lábẹ́ pátákó, ó ti jókòó lé ẹrẹ̀. Ìyá Ṣeun ká ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé àjẹ̀ lé itan. Àwọn ẹja kéékèèké kan wà níwájú rẹ̀ lórí ẹrẹ̀, bí ogún, tí wọ́n ń fi lẹbẹ́ rìn nílẹ̀, tí ojú wọn wà lókè orí bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Orímisàn sọ orúkọ wọn fún mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣeun ni mò ń wò, mi ò gbọ́. Ìyá Ṣeun ń sọ̀rọ̀. Èdè Oǹdó ló ń sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ẹlòmíràn jẹun. Mo gbọ́ epo. Mo gbọ́ gáàrì. Mo gbọ́ búrẹ́dì. Orímisàn gbé àjẹ̀ sókè, kò jẹ́ kí ọkọ̀ pariwo.

Nígbà tó rí wa, kò ta gìrì. Ó ní, "Mò ń ròyìn fún Bàbá Ṣeun ni. Ó kú kí nǹkan tó di báyìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún un, mi ò rí ibi tó dákẹ́ tó."

Mo béèrè pé kí ni Bàbá Ṣeun wí.

"Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Pé búrẹ́dì ò lè tó iye yẹn láé."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, òun náà gbà á, ọkọ̀ sì ń mì débi pé Orímisàn bẹ̀ mí pé kí n má da òun sómi. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún díẹ̀. Ìyá Ṣeun kò sun ẹkún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, a fa pátákó náà títí a fi rí omi, bàtà rẹ̀ kan sì ṣẹ́kù síbẹ̀ fún àwọn ẹja.

A ra ẹja gbígbẹ ní Ìgbọ́kọ̀dá. Kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́ọ́kú tó bí mo ṣe wí. Ìyá Ṣeun wọ mọ́tò pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sì sùn lé mi léjìká láti Òkìtìpupa dé Oǹdó. Ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mú Ṣeun lọ síbẹ̀ nígbà ọdún Kérésìmesì. A fi ẹnu kò pé kò sí ìdí láti sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ sọnù fún bí wákàtí kan.

Aago méje ààbọ̀ ni mo wọlé ní Ọ̀bà-Ilé, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi gbé oúnjẹ fún mi, ó sì béèrè bí orúnkún ṣe rí. Mo ní ó ń dùn mí ju ti àárọ̀ lọ. Àwa méjèèjì ti pẹ́ tí a jọ ń gbé, tí a kì í sọ ju ti owó iná àti ti omi ẹ̀rọ lọ. Mo wò ó bí ó ṣe jókòó, mo rò ó pé ọ̀rẹ́ mi ní láti dé inú igi ẹ̀gbà kí ó tó rí ọ̀nà bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tèmi sì nìyí níwájú mi, ó ń yọ eegun ẹja. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìrìn àjò náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo iye owó. Ó ti sùn lọ kí n tó sọ ọ́ dé Òrè. Mo jí i, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀wẹ̀nà.